Kí Ẹgbẹ́ Òṣìṣẹ́ Mùsíọ́ọ̀mù Tó Sọ̀rọ̀ Ọjọ́ Iwájú

Nígbàkigbà tí ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ mùsíọ́ọ̀mù orílẹ̀-èdè kan bá jókòó láti ro ọjọ́ iwájú rẹ̀, ibi kan náà ni wọ́n sábà máa ń ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á gbé pátákó funfun síwájú, ẹnì kan á mú bírò, ọ̀rọ̀ ńláńlá á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde: ìran wa, àfojúsùn wa, iye tí a kà sí. Tó bá fi máa di ọ̀sán, wọ́n á ti ní gbólóhùn kan tí ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì tàbí ti àwọn awakọ̀ lè mú lò láì yí ọ̀rọ̀ kan padà. Ara gbogbo èèyàn á yá gágá. Ìwé náà á wọ dúrọ́ọ̀, ó di ọdún márùn-ún sí i.

Ìbéèrè kan wà tó yẹ kó ṣáájú gbogbo ìyẹn, èyí tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ń sá fún nítorí pé ó máa ń dá ìjà sílẹ̀: ta ló ni ẹgbẹ́ yìí? Ṣé àwọn ilé ni, àbí àwọn èèyàn tó ń ṣiṣẹ́ nínú wọn? Owó ọdún, ètò ìdìbò, ohun tí ẹgbẹ́ lè gbẹnu sọ níwájú ìjọba, ẹni tí ẹgbẹ́ lè bá wí, gbogbo rẹ̀ ló rọ̀ mọ́ ìdáhùn ìbéèrè yìí. Ẹgbẹ́ tí kò bá dáhùn rẹ̀ á máa ṣètò fún tọ̀tún tòsì, kò sì ní tẹ́ apá kankan lọ́rùn.

Ibi pẹlẹbẹ la ti ń mú ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ. Ẹ jẹ́ ká ti ibi tí kò sí àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ìwé orúkọ ọmọ ẹgbẹ́.

Ẹ gbé fáìlì náà síta, kí ẹ má sì gba iye tí wọ́n bá kà fún yín lẹ́nu gbọ́. Àwọn tó ti kú á wà nínú rẹ̀. Àwọn tó ti fẹ̀yìn tì láìsọ fún ẹnikẹ́ni á wà níbẹ̀. Ẹnì kan náà á wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú orúkọ bàbá rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú orúkọ ọkọ. Èyí tó ń ba nǹkan jẹ́ jù ni ímeèlì ibi iṣẹ́. Ẹni tó bá fi àdírẹ́sì mùsíọ́ọ̀mù tó ń bá ṣiṣẹ́ forúkọ sílẹ̀ á pàdánù àdírẹ́sì náà lọ́jọ́ tó bá kúrò níbẹ̀, ìwé ìránnilétí owó ọdún á sì máa wọ inú àpótí tí ẹnikẹ́ni kì í ṣí mọ́. Ẹgbẹ́ á rò pé onítọ̀hún kò fẹ́ sanwó. Òun náà á rò pé ẹgbẹ́ ti gbàgbé òun. Àtúnṣe rẹ̀ ò ju àyè kan lọ nínú fọ́ọ̀mù: ẹ gba ímeèlì tara ẹni àti nọ́ńbà fóònù ní dandan, kí ti ibi iṣẹ́ jẹ́ ìkejì.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fọ ìwé náà mọ́, ẹ wá iye àwọn tó sanwó ní ọdún méjì sẹ́yìn, kí ẹ sì wo mélòó nínú àwọn gan-an ló tún san lọ́dún tó kọjá. Ká ní 300 ló san nígbà náà, tí 210 nínú wọn sì tún san. Ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún lẹ rí dá dúró. Bí ọmọ tuntun 90 bá ń wọlé lọ́dọọdún, àpapọ̀ á máa dúró sí 300, àwọn aláṣẹ á sì máa ròyìn níbi ìpàdé pé nǹkan ń lọ déédéé. Kò lọ déédéé rárá. Bó bá ń rí bẹ́ẹ̀, ọmọ ẹgbẹ́ kan kì í lò ju nǹkan bí ọdún mẹ́ta lọ, iṣẹ́ tí akọ̀wé sì ń ṣe jù ni pé ó ń kí àlejò káàbọ̀.

Ẹ tún wá pín àwọn tó lọ yẹn sí méjì. Bó bá jẹ́ pé àwọn tó wà lọ́dún àkọ́kọ́ wọn ló ń lọ, ohun tí ẹ ṣèlérí nígbà ìforúkọsílẹ̀ kò bá ohun tí wọ́n wá bá níbẹ̀ mu. Bó bá jẹ́ àwọn tó ti lo ọdún mẹ́rin, márùn-ún, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé iṣẹ́ mùsíọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń fi sílẹ̀, owó oṣù ló sì sábà máa ń wà nídìí irú ìyẹn. Àìsàn méjèèjì kì í gba oògùn kan náà. Ètò ìkíni-káàbọ̀ tó dára kò lè dá ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kò tó san owó ilé dúró.

Ohun kan tún wà tí ìwé orúkọ máa ń tú fó, tí ẹ bá fi àyè iṣẹ́ kún un: iṣẹ́ wo ni ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń ṣe? Níbi púpọ̀, ẹ ó rí i pé kùrétọ̀, ìyẹn àwọn tó ń bójú tó ohun tí mùsíọ́ọ̀mù kó jọ, àti ọ̀gá àgbà ló kún ibẹ̀. Àwọn tó ń kọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sínú ìwé, àwọn tó ń tún èyí tó bàjẹ́ ṣe, àwọn tó ń kọ́ ọmọ ilé-ìwé, àwọn tó ń kan àpótí gíláàsì, àwọn tó ń gba iṣẹ́ àkànṣe láìní ọ̀gá kan pàtó, wọ́n kéré níbẹ̀ tàbí kí wọ́n má tilẹ̀ sí. Ẹ̀ṣọ́ tó ń dúró nínú gbọ̀ngàn àfihàn láti àárọ̀ títí wọ́n á fi ti ilẹ̀kùn ló ń bá àlejò sọ̀rọ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ, àmọ́ mi ò rò pé ó máa ń wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ láti pè é.

Ilé ni àbí èèyàn?

Bí àwọn ẹgbẹ́ tó ti pẹ́ jù ṣe bẹ̀rẹ̀ fi hàn pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1889, ní ìlú York, àwọn mùsíọ́ọ̀mù díẹ̀ kóra jọ láti dá Museums Association ti Britain sílẹ̀. Ilé ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Lónìí, ilé, èèyàn àti ilé-iṣẹ́ aládàáni ló jọ wà nínú rẹ̀. Ti Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ní 1906 gẹ́gẹ́ bí American Association of Museums, ó sì yí orúkọ padà sí American Alliance of Museums ní 2012. ICOM, tó jẹ́ ti gbogbo àgbáyé, dé ní 1946 lẹ́yìn ogun, ó sì ń gba èèyàn àti ilé. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ dàpọ̀ báyìí kò ṣe ohun àjèjì. Ibi tí wàhálà ti ń wá ni pé wọ́n á dà wọ́n pọ̀ láìkọ bí wọ́n ṣe jẹ́ síra wọn sínú òfin.

Ẹ wo ìbò, fún àpẹẹrẹ. Bí ilé kọ̀ọ̀kan bá ní ìbò kan, mùsíọ́ọ̀mù tó ní òṣìṣẹ́ méjì bá èyí tó ní irinwó dọ́gba, èyí tó tóbi á sì béèrè ìdí tí òun fi ń san ìlọ́po ogún. Bí ẹ bá ní kí ìbò máa tẹ̀lé owó, ilé ńlá mẹ́rin á gba ẹgbẹ́ náà lọ́wọ́ yín lọ́dún tó ń bọ̀. Tí ọ̀gá àgbà bá dìbò fún ilé rẹ̀, tó tún dìbò fún ara rẹ̀, ó ti ní méjì, òṣìṣẹ́ rẹ̀ sì ní ẹyọ kan.

Èyí tí mo fara mọ́ ni pé èèyàn ni kó ni ẹgbẹ́, kí ilé ní àyè tí a mọ ààlà rẹ̀. Nínú ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni méjìlá, kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó jẹ́ èèyàn dìbò yan méje, kí àwọn ilé yan mẹ́ta, kí a sì ya méjì sọ́tọ̀ fún àwọn tí kò ní ẹni tó ń sọ̀rọ̀ fún wọn: ọ̀kan fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ láyè ara wọn, ọ̀kan fún àwọn tí kò tíì pé ọdún márùn-ún lẹ́nu iṣẹ́. Ilé mẹ́ta yẹn á ní ohùn, wọn ò sì lè dá ohunkóhun dúró láìrí ẹni tì wọ́n lẹ́yìn. Kí a tún kọ ọ́ sínú òfin pé tí ọ̀rọ̀ owó oṣù bá délẹ̀, aṣojú ilé lè sọ tẹnu rẹ̀ àmọ́ kò ní dìbò, nítorí òun ni agbanisíṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ owó oṣù yìí gan-an ni ẹ fi lè dán ẹgbẹ́ wò. Ẹ gbé àbá kan wá pé ẹgbẹ́ kò ní polówó iṣẹ́ kankan mọ́ lórí ìkànnì rẹ̀ láìjẹ́ pé iye owó oṣù wà nínú ìpolówó náà. Àwọn ẹgbẹ́ kan ti sọ ọ́ di dandan, ohun tó sì lè ná ẹgbẹ́ kò ju ìpolówó díẹ̀ tó máa pàdánù lọ. Bí ìgbìmọ̀ yín bá lè gba àbá yẹn wọlé, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ lẹ ní. Bí wọ́n bá ní kí a ṣì máa rò ó, tí wọ́n tún sọ bẹ́ẹ̀ ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, ẹ ti mọ ẹni tó ni ẹgbẹ́.

Owó ọdún náà gbọ́dọ̀ bá ìdáhùn yẹn lọ. Museums Association ń wo owó oṣù ọmọ ẹgbẹ́ kí wọ́n tó sọ iye tó máa san. Ti Amẹ́ríkà ti fi ìpele kan sílẹ̀ rí fún mùsíọ́ọ̀mù láti san iye tí agbára rẹ̀ bá ká. Ìpele owó oṣù mẹ́rin tó fún ẹgbẹ́ kékeré, kí ọmọ ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ sọ èyí tó wà, láìsí ìwé ẹ̀rí. Àwọn tó ń purọ́ kì í pọ̀. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé ẹni tó wọlé ní ìpele tó kéré jù á wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti gbé e ga lẹ́ẹ̀mejì, nítorí pé fọ́ọ̀mù ọdọọdún kì í bi í léèrè mọ́. Ẹ jẹ́ kí fọ́ọ̀mù ṣófo níbẹ̀ lọ́dọọdún kó lè tún mú un. Ọ̀gbun tó wà láàárín akẹ́kọ̀ọ́ àti ọmọ ẹgbẹ́ kíkún náà ń lé èèyàn lọ: owó á ti ìdá mẹ́rin fò sí odindi lọ́dún tí ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá iṣẹ́. Ẹ fi ìpele ọdún mẹ́ta kan sáàárín.

Ọjọ́ ìsanwó kì í jọ ohun pàtàkì títí yóò fi dun èèyàn. Bí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ bá ń san ní oṣù kìíní, ẹni tó wọlé ní oṣù kẹwàá á gba ìwé owó mìíràn lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ọ̀pọ̀ irú wọn á sì yáa lọ. Ẹ kọ ọ́ pé owó tí a bá san láti oṣù kẹwàá lọ ti ká ọdún tó ń bọ̀ pẹ̀lú.

Àpérò ọdọọdún àti owó tó ń tàn wá jẹ

Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló jẹ́ pé àpérò ọdọọdún ló ń bọ́ wọn. Ọdún 2020 fi ohun tó wà nínú ìyẹn hàn: nígbà tí àrùn COVID-19 ti gbogbo gbọ̀ngàn pa, ẹgbẹ́ tó ń fi èrè ọjọ́ mẹ́ta san owó oṣù ọdún kan kò ní ibi tó máa yíjú sí. Ìlànà tí mo rò pé ó bójú mu ni pé kí orísun owó kan ṣoṣo má kọjá ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó tó ń wọlé, kí owó ìpamọ́ sì tó ná fún oṣù mẹ́ta ó kéré tán, kó jẹ́ mẹ́fà bó bá ṣeé ṣe. Ohun tí ẹ ó fi ṣírò oṣù kan ni owó tí kò lè ṣe kó má jáde: owó oṣù òṣìṣẹ́, iléeṣẹ́, ìkànnì, owó olùyẹ̀wé-owó-wò, owó báńkì. Owó ìrànwọ́ tí olùfúnni sọ pé iṣẹ́ kan pàtó ni kí ẹ fi ṣe kì í ṣe owó ìpamọ́, bó ti wù kó pọ̀ tó nínú àkántì. Ibẹ̀ ni àwọn akápò tí kì í ṣe oníṣirò owó ti máa ń ṣubú: wọ́n á rí àpapọ̀ owó ní báńkì, wọ́n á sọ fún ìgbìmọ̀ pé ara le, wọn ò ní mọ̀ pé ìdajì rẹ̀ kì í ṣe tiwọn.

Ìṣirò àpérò náà rọrùn, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ kì í ṣe é títí dé òpin. Ká ní owó tí ẹ máa ná bí èèyàn wá bí wọn ò wá (gbọ̀ngàn, ẹ̀rọ ohùn, ọkọ̀ olùsọ̀rọ̀) jẹ́ 60,000, ní owó ilẹ̀ yòówù. Ẹni kọ̀ọ̀kan ń san 400, oúnjẹ àti ìwé ẹni kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ 150. Ó ku 250 lórí ẹnì kan. Ẹ pín 60,000 sí 250: ẹni 240 gbọ́dọ̀ sanwó kí ẹ tó bọ́ lọ́wọ́ gbèsè. Ibí ni wọ́n máa ń dúró sí. Wọ́n ti gbàgbé ọgbọ̀n èèyàn tó ń wọlé lọ́fẹ̀ẹ́, ìyẹn ìgbìmọ̀, olùsọ̀rọ̀, àlejò pàtàkì, tí oúnjẹ wọn náà ń jẹ́ 150. Èyí fi 4,500 kún un, ó sì ti di ẹni 258. Nígbà tí àpérò bá parí, tí wọ́n bá ka orí 270 nínú gbọ̀ngàn, gbogbo èèyàn á yọ̀, bẹ́ẹ̀ ọgbọ̀n nínú 270 yẹn kò san nǹkan kan. 240 ló san. Gbèsè ni wọ́n jẹ.

Ẹ ka àdéhùn òtẹ́ẹ̀lì náà dáadáa. Ó sábà máa ń ní gbólóhùn kan tó sọ pé bí ẹ bá ti ṣèlérí yàrá 120 tí 80 péré sì kún, ẹgbẹ́ ni yóò san púpọ̀ nínú owó 40 tó ṣófo. Ẹ ṣèlérí 70, kí ẹ sì bẹ̀bẹ̀ fún àyè láti fi kún un.

Agbára láti sọ pé rárá

Ẹgbẹ́ tí kò lè bá ọmọ rẹ̀ wí kò yàtọ̀ sí àwùjọ ọ̀rẹ́. Nínú iṣẹ́ mùsíọ́ọ̀mù, ibi tí èyí ti máa ń le jù ni títa ohun tó wà nínú àkójọ, ìyẹn àwọn ohun tí mùsíọ́ọ̀mù kó jọ tó sì ń tọ́jú. Ìlànà tí gbogbo ayé iṣẹ́ yìí mọ̀ ni pé a kì í ta ohun inú àkójọ láti fi dí ihò owó. Kò yẹ kí ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè máa fi ọdún méjì kọ ìwé ìlànà láti ìbẹ̀rẹ̀: ti ICOM wà nílẹ̀ láti 1986, wọ́n sì tún un ṣe ní 2004. Ẹ gbà á, kí ẹ fi ojú ìwé kan kún un fún òfin ilẹ̀ yín. Iṣẹ́ gidi wà nínú ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹnì kan bá rú u.

Northampton, ìlú kan ní England, ni àpẹẹrẹ tí mo máa ń tọ́ka sí. Ní oṣù keje ọdún 2014, ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ ìlú náà ta ère Sekhemka, ère òkúta ẹfun ará Íjíbítì àtijọ́ tó ti lé ní ẹgbàajì ọdún, lọ́jà gbàǹjo Christie's. Ó lé ní mílíọ̀nù 15 pọ́n-ùn. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fi owó náà mú mùsíọ́ọ̀mù gbòòrò sí i. Arts Council England, àjọ tó ń pín owó ìjọba fún iṣẹ́ ọnà àti mùsíọ́ọ̀mù níbẹ̀, gba ìwé ìfọwọ́sí lọ́wọ́ wọn lóṣù tó tẹ̀ lé e, Museums Association náà sì tì wọ́n síta fún ọdún márùn-ún ó kéré tán.

Ẹ wo ẹni tí ìyà náà bà. Àwọn òṣèlú ló ta ère. Wọn kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ kankan. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú mùsíọ́ọ̀mù náà ló wá di òṣìṣẹ́ ilé tí wọ́n lé jáde. Ẹ tún wo ìyà tó ní eyín: ti Arts Council, nítorí pé ilé tí kò ní ìwé ìfọwọ́sí yẹn kò lè tọrọ ọ̀pọ̀ owó ìrànwọ́. Ti ẹgbẹ́ nìkan jẹ́ ìtìjú, ìtìjú sì níye tó lè ṣe lójú òṣèlú tó ti rí mílíọ̀nù gbà. Ohun méjì ló yẹ kí ẹgbẹ́ tó ń ro ọjọ́ iwájú mú níbẹ̀. Àkọ́kọ́, kí ó bá àwọn tó ń fún mùsíọ́ọ̀mù lówó ṣàdéhùn ní ọjọ́ tí ara tù, pé ilé tí ẹgbẹ́ bá dá lẹ́bi kò ní rówó gbà fún sáà kan. Èkejì, kí ìjìyà ilé má di ti òṣìṣẹ́: ẹni tó wà nínú ilé tí wọ́n lé kó lè máa jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀, àgàgà ẹni tó kọ̀wé láti tako títà náà. Ẹgbẹ́ tó ti ya ilé sọ́tọ̀ kúrò lára èèyàn nínú òfin rẹ̀ lè ṣe èyí láìlàágùn.

Ètò ẹ̀sùn gbọ́dọ̀ wà kí ẹ̀sùn tó dé: ẹni tí a ń kọ̀wé sí, ẹni mẹ́ta tó máa gbọ́ ọ tí ọ̀kan nínú wọn kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́, ọjọ́ 28 fún ìdáhùn, ibi tí a lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sí, àti bóyá a ó gbé ìdájọ́ síta. Ẹni tó ti bá ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ṣiṣẹ́ láàárín ọdún mẹ́ta kó yẹra. Nínú iṣẹ́ tí gbogbo èèyàn ti mọ ara wọn bí èyí, gbólóhùn ìkẹyìn yẹn lè yọ gbogbo ìgbìmọ̀ kúrò, nítorí náà ẹ ní orúkọ mẹ́fà nílẹ̀ fún ipò mẹ́ta.

Ìlànà lórí títa ohun inú àkójọ lè yí padà o. Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, AAMD, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀gá àgbà mùsíọ́ọ̀mù iṣẹ́ ọnà ní apá Àríwá Amẹ́ríkà, sọ pé fún ọdún méjì àwọn kò ní fìyà jẹ ilé tó bá fi owó ohun tó tà tọ́jú àkójọ rẹ̀ tààrà. Èèyàn lè bá wọn jiyàn, àwọn kan sì jà gidi. Ohun tó tọ̀nà níbẹ̀ ni pé wọ́n fi ọjọ́ òpin sí i. Àyè tí a bá là sílẹ̀ nígbà ìṣòro láìní ọjọ́ òpin á di òfin kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀.

Bí a ṣe ń béèrè lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́

Ní Kyoto, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, ICOM gbé ìtumọ̀ tuntun kan kalẹ̀ fún ohun tí mùsíọ́ọ̀mù jẹ́. Nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò ló ní kí wọ́n sún un síwájú. Púpọ̀ nínú àwọn tó tako ó ní àwọn kò rí ara àwọn nínú bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Ìgbìmọ̀ tuntun tún bẹ̀rẹ̀, wọ́n kó àbá jọ láti ọ̀dọ̀ àwọn ìgbìmọ̀ orílẹ̀-èdè, wọ́n dá àkọsílẹ̀ padà sọ́dọ̀ wọn láti ìpele dé ìpele, wọ́n sì fi han gbogbo èèyàn ọ̀rọ̀ tí wọ́n mú àti èyí tí wọ́n fi sílẹ̀. Ní Prague, ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, ó lé ní ìdá 92 tó gbà á. Tí a bá ka ìwé méjèèjì, èyí tó borí kò dùn létí tó èyí tó ṣubú. Ó borí nítorí pé àwọn tó dìbò ti rí i lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹrin kí wọ́n tó débẹ̀.

Fún ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè, ìbéèrè mẹ́wàá tó. Ẹ má bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń fẹ́, nítorí gbogbo èèyàn ló ń fẹ́ ẹ̀kọ́ sí i àti owó ọdún tó kéré sí i. Ẹ bi wọ́n pé èwo nínú ohun tí ẹgbẹ́ ń ṣe ni wọ́n lò láàárín oṣù méjìlá tó kọjá. Ìdáhùn yẹn máa ń dójú ti ìgbìmọ̀: ìwé ìròyìn tó ń jẹ ìdá mẹ́rin owó kò ní ju àwọn tó ń kọ ọ́ lọ tó kà á. Kí ẹ sì fi fóònù pe ọgbọ̀n nínú àwọn tí kò sanwó mọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá. Kí ẹni tó ń pè má ṣe bẹ̀ wọ́n padà, kó kàn máa kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀.

Ọwọ́ tó máa ṣe é

Olùyọ̀ǹda ara ẹni ni alága, bẹ́ẹ̀ ni akápò, bẹ́ẹ̀ ni akọ̀wé, kálukú ló sì ní mùsíọ́ọ̀mù tó ń sáré sí láàárọ̀. Ẹ ka wákàtí wọn kí ẹ tó kọ ètò. Ẹni mẹ́jọ tó lè yọ wákàtí mẹ́ta lọ́sẹ̀ jẹ́ wákàtí mẹ́rìnlélógún, iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ kan á ṣe ní ọjọ́ mẹ́ta. Ètò tó ní iṣẹ́ ńlá mọ́kànlá kò lè gbé orí ìyẹn. Bí owó bá sì tó láti gba ẹnì kan, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ á sáré gba ọ̀gá àgbà tó lè sọ̀rọ̀ níwájú mínísítà. Ẹni tó ń tọ́jú ìwé orúkọ àti owó ọdún, fún ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, ni mo máa kọ́kọ́ gbà. Òun ló máa wá owó tí a ó fi san ti ọ̀gá àgbà.

Sáà ọdún mẹ́ta dára, kí ìdá mẹ́ta ìgbìmọ̀ máa lọ lọ́dọọdún kí gbogbo ìrírí má bàa jáde lọ́jọ́ kan náà. Ohun tó sì yẹ kí wọ́n fi lé ara wọn lọ́wọ́ kò pọ̀: àwọn tó ń fọwọ́ sí sọ̀wédowó, ọ̀rọ̀ aṣínà ìkànnì, ìwé ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, àti orúkọ ìkànnì ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀. Ti ìkẹyìn yìí ti ba ẹgbẹ́ púpọ̀ jẹ́. Ẹnì kan á ti fi ímeèlì ara rẹ̀ àti káàdì báńkì ara rẹ̀ rà á nígbà ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí káàdì náà bá kú, ìránnilétí á lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ti kúrò nínú ẹgbẹ́ tipẹ́, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ìkànnì á lọ, ímeèlì gbogbo ìgbìmọ̀ á sì bá a lọ. Ẹ gbé e sórí àdírẹ́sì ipò, bí i ti akọ̀wé, tí ẹni méjì ń rí, kí ẹ sì san ti ọdún márùn-ún papọ̀.

Ìwé ètò fúnra rẹ̀, ojú ìwé méjì tó, fún ọdún mẹ́ta. Lábẹ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan: ẹni tó ni í, owó rẹ̀, ọjọ́ rẹ̀, àmì tí a ó fi mọ̀ pé ó ti parí. Kí ojú ìwé kejì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun tí ẹgbẹ́ máa dáwọ́ rẹ̀ dúró, nítorí pé ibẹ̀ ni wákàtí àti owó ti máa jáde.

Ó ku ìpàdé gbogboogbò tó máa sọ ọ́ di òfin, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ètò dáradára ń kú sí. Òfin ẹgbẹ́ àtijọ́ sábà máa ń béèrè pé kí ìdajì ọmọ ẹgbẹ́ pé kí a tó lè tún òfin ṣe. Kò sí ẹgbẹ́ tó rí ìdajì pe jọ. Bí òfin yín bá sọ pé ẹni tí kò sanwó kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́, ìdajì yẹn ti kéré ju bí ẹ ṣe rò lọ. Bó bá gba kí ẹnì kan dìbò fún ẹlòmíràn pẹ̀lú ìwé àṣẹ, ẹ fi fọ́ọ̀mù rẹ̀ ránṣẹ́ pẹ̀lú ìwé ìpè, ọjọ́ 21 ṣáájú ó kéré tán. Kí ẹ wò ó bóyá gbólóhùn kan wà níbẹ̀ tó sọ pé bí èèyàn kò bá pé, ìpàdé á sún sí ọ̀sẹ̀ méjì, iye tó bá sì wá nígbà náà ti tó. Bí kò bá sí, òun ni kó jẹ́ àbá àkọ́kọ́, kó dá dúró lórí ìwé ìdìbò, láìso ọ̀rọ̀ owó ọdún mọ́ ọn. Àbá owó ọdún á fa ìjà, bí àwọn méjèèjì bá sì wà lórí ìlà kan náà, àwọn tó ń bínú sí owó á pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ dìbò kò.